Ta Ló Ni Èéfín Yìí?

"Ẹnì kan ń mu dísù mi, Alhaja, mi ò sì mọ ẹni náà."

Ohun tí Tómilọ́lá Adéróunmú kọ́kọ́ sọ nìyẹn, kó tó kí ènìyàn, kó tó jókòó. Alhaja Bàdírátù Àyàndìran kò bínú. Iṣẹ́ ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ká lára kì í rántí ìkíni. Ó na ọwọ́ sí àga, ó ti abọ́ àádùn tó wà lórí tábìlì síwájú àlejò rẹ̀, ó sì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá ni ọ́fíìsì tó ti ń báni wádìí ọ̀rọ̀. Òòlù kì í sinmi nísàlẹ̀, Alhaja sì máa ń sọ pé ariwo yẹn ni kì í jẹ́ kí òun sùn sídìí iṣẹ́.

"Mu omi ná," ó ní. "Lẹ́yìn náà, kó o bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Tómilọ́lá mu omi, ó sì bẹ̀rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù alámọ̀ ló ń ṣe, iṣẹ́ tó bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá tò ó sábẹ́ ibòòji títí á fi le. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Bódìjà fẹ́ kọ́ ilé tuntun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní ohun èlò tí kò ní ba ayé jẹ́ jù làwọn ń wá. Wọ́n ní kí Dókítà kan láti yunifásítì wá wọn búlọ́ọ̀kù Tómilọ́lá, kó sì wọn ti Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyìí, tó ń fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì ṣe tirẹ̀ ní Ring Road.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Ṣé orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ń gbé e lé?"

"Rárá o, mà. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Látìgbà tó ti wà nínú ilẹ̀, títí dé ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e, tí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, tó di ilé, títí dọjọ́ tí ilé á wó tí wọ́n á kó o dànù. Gbogbo epo tó bá jó àti gbogbo èéfín tó bá rú lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n á kà á sí i lọ́rùn."

Alhaja rẹ́rìn-ín. "Bá a ṣe máa ń ka ìwà ọ̀daràn nìyẹn. Mo ti fẹ́ràn Dókítà yẹn kí n tó rí i."

"Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ mọ́, mà. Nígbà tó kọ́kọ́ wá dán wa wò fún ọjọ́ kan, búlọ́ọ̀kù mi ló mọ́ jù. Ó wá padà wá ka dísù tá a rà sí jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ wa fún ọdún kan gbáko, búlọ́ọ̀kù mi bá di ọ̀mùtí. Wọ́n ní èéfín rẹ̀ ti ju ti Akínbíyìí lọ. Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ pinnu." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Tí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, Alhaja, mo máa ti géètì ọgbà ìyá mi pa ni. Kò sí iṣẹ́ míì níwájú."

"Ta lo fura sí?"

"Akínbíyìí. Tàbí Dókítà. Tàbí Luke, awakọ̀ wa tó ń lọ kó ilẹ̀ pupa wá."

"Ta ló ń sùn nínú ọgbà?"

"Bàbá Islamiat nìkan ni, fọ́máànù wa."

"O ò dárúkọ wọn mọ́ àwọn tó o fura sí."

Ẹnu ya Tómilọ́lá. "Bàbá Islamiat kẹ̀? Ẹ̀yìn wọn ni mo dàgbà sí, mà."

Alhaja bu àádùn sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́.

*

Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyìí sanra, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ jáde nílé. Ó ń da omi sórí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ létí títì Ring Road nígbà tí keke já wọn sílẹ̀. Bó ṣe rí Tómilọ́lá ló ti mọ ohun tó gbé e wá.

"Ẹ ti wá fẹ̀sùn kàn mí," ó ní. "Ẹ jókòó ná kẹ́ ẹ tó fi kàn mí."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," Alhaja dáhùn. "Ẹ̀yin àti Dókítà Ayọ̀kúnnúmi, báwo lẹ ṣe mọra tó?"

"Èmi àti obìnrin yẹn?" Akínbíyìí gbé páìpù omi kalẹ̀. "Mà, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sun òkúta di sìmẹ́ǹtì, mi ò débẹ̀ rí láyé mi. Obìnrin yẹn lọ kó gbogbo èéfín ibẹ̀ wá, ó kà á sí mi lọ́rùn. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ẹnu géètì tèmi. Ó ní ìtàn kì í bẹ̀rẹ̀ láàárín. Mo wá gbé iṣu lọ bá a."

"Iṣu?"

"Iṣu tó dára, láti Ṣakí. Ó ní kí n gbé e padà. Mo gbé e padà, èmi àtìyàwó mi la gún un jẹ."

Alhaja dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ò tíì dé etí títì tí Tómilọ́lá fi ní, "Ẹ ò rí i? Ó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Rìbá ló fẹ́ fún un."

"Ó fẹ́ fún un, wọn ò gbà. Ẹni tí Dókítà bá ti bá pa irọ́ ò ní máa ráhùn nípa ohun tó kà sí i lọ́rùn. Ìbínú yẹn jinlẹ̀, kì í ṣe eré. Pa orúkọ àwọn méjèèjì rẹ́, ó ku ẹnì kan nínú àwọn tó o dárúkọ."

Inú Tómilọ́lá ò dùn. Ó ti ń gbádùn kó máa bínú sí Akínbíyìí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì ń dùn ún láti fi í sílẹ̀.

*

Ṣọ́ọ̀bù fọtokọ́pì kan ní Agbowó ni wọ́n ti bá Dókítà Ayọ̀kúnnúmi, ó ń tẹ ìjábọ̀ tó fẹ́ gbé lọ sípàdé ọ̀la. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, gíláàsì ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ kí Alhaja láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń du ẹ̀rọ mọ́ra wọn lọ́wọ́.

"Dókítà, ṣé ẹ fojú ara yín rí i tí ẹ̀rọ tó ń tẹ búlọ́ọ̀kù ń mu gbogbo dísù yẹn?"

"Rárá, mà. Lọ́jọ́ àdánwò, mo rí ìwọ̀n tó mu, kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ti ọdún kan gbáko, ohun tó wọ ọgbà àti ohun tó jáde níbẹ̀ ni mo kà. Dísù wọlé, búlọ́ọ̀kù jáde. Ohun tó bá jáde ló gbọ́dọ̀ ru ẹrù ohun tó wọlé."

"Tí ohun méjì bá jáde ńkọ́?"

"Àwọn méjèèjì á pín in rù, mà. Ẹ wo ọlọ́sìn màlúù. Koríko kan náà ló fi ń bọ́ wọn, àmọ́ wàrà àti ẹran ló ń rí níbẹ̀, a ò lè di gbogbo ẹrù náà ru wàrà nìkan. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi hàn mí lọ́gbà Tómilọ́lá."

Tómilọ́lá rí i tí Alhaja bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, tó sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà. Ó kọ́kọ́ rò pé bàtà ló ń há a.

"Tó bá jẹ́ pé wọ́n jí i ni ńkọ́?" Tómilọ́lá bèèrè.

Dókítà wò ó tàánútàánú. "Ẹ mú ẹ̀rí wá, màá yọ ọ́. Àmọ́ ìgbìmọ̀ á bi yín pé irú ọgbà wo ni olè ti ń pọn dísù bí omi fún ọdún kan tí ọ̀gá ò mọ̀."

Alhaja ti wọ bàtà rẹ̀ padà, ó ti ń na ọwọ́ sí keke.

*

Ọgbà náà wà ní òpópónà kékeré kan tó yà kúrò lójú títì Challenge. Ọyẹ́ ti mú gidi, ètè gbogbo ènìyàn ló ń là, eruku sì ti sọ ewé igi di funfun. Bí wọ́n ṣe ń yà wọlé láti títì, ọmọlanke tí mẹ́ruwà kan fi ń kiri omi tà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá keke wọn, ẹni tó ń tì í sì bú awakọ̀ wọn ní Haúsá. Ní òpópónà tó ṣáájú tiwọn, mẹ́ruwà méjì ń jà lórí oníbàárà kan. Alhaja yọ orí síta láti wo ìjà náà dáadáa, Tómilọ́lá sì rò ó lọ́kàn pé obìnrin yìí ò kánjú rárá.

Luke ṣẹ̀ṣẹ̀ já ilẹ̀ pupa sílẹ̀ ni. Bó ṣe rí ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú àlejò tó dúró bí ọlọ́pàá, ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ kíá. Ìyẹn ti tó fún Alhaja.

"Luke, gbé kẹ́ẹ̀gì tó wà lábẹ́ ìjókòó yẹn wá."

"Kẹ́ẹ̀gì wo, mà?"

"Èyí tó o ti ilẹ̀kùn lé."

Luke gbé e wá. Tómilọ́lá ti fẹ́ràn ọmọ náà, ó sì ti ń ro bó ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá Luke. Alhaja ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó sì tọ́ ọ lá.

"Epo pupa ni," ó ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," Luke ń sọ, "ìyá ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́ ló ń tà á. Ìwó Road ni mo ti ń bá wọn rà á lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ iṣẹ́ ni, àmọ́ wọ́n ní àwọn fẹ́ rí bí mo ṣe wúlò tó."

Tómilọ́lá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Alhaja dé kẹ́ẹ̀gì náà padà fún un.

"Máa lọ. Ká ní o ti fi kẹ́ẹ̀gì yìí gbé dísù rí, àna rẹ ì bá ti lé ẹ."

Bàbá Islamiat jáde wá láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, àgbàlagbà gíga kan tó wọ fìlà hínhun, ilẹ̀ pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó kí Alhaja tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bèèrè ìlera rẹ̀ àti ti ará ilé. Gbogbo ohun tí Alhaja bi í nípa ẹ̀rọ ló dáhùn. Nígbà tí Alhaja bi í nípa dísù, ó ní òun fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá.

Alhaja ò tẹ̀ lé e. Ó jáde sójú òpópónà, Tómilọ́lá sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ìyá Mofẹ́olúwa, aránṣọ tó wà níwájú ọgbà, ni wọ́n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Níbo lẹ ti ń rí omi nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ìyá Mofẹ́olúwa wo Tómilọ́lá, ó wo Alhaja. "Mẹ́ruwà ló ń gbé e wá."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Sani."

Bàbá Olúwadáre, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń ka ìwé ìròyìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Òun náà ní mẹ́ruwà ni. Orúkọ mẹ́ruwà? Ó bojú wo inú ìwé ìròyìn bí ẹni pé orúkọ náà wà níbẹ̀. "Musa," ó ní. Onígbàjámọ̀ tó wà ní igun òpópónà ní Garba ni, ènìyàn dáadáa ni, àná ló gbé omi wá kẹ́yìn.

"Àwọn ará àdúgbò yìí mà níwà o," Tómilọ́lá sọ. "Gbogbo wọn ló ń dáhùn kíá."

"Kíá jù. Òpópónà kékeré yìí ní mẹ́ruwà mẹ́ta. Ìwọ, mélòó lo ti rí níbí látìgbà tá a ti dé?"

Tómilọ́lá wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Kò rí ọmọlanke kankan, kò sì rí ojú ẹsẹ̀ táyà ọmọlanke nínú eruku.

"Lójú títì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá," Alhaja ń bá a lọ. "Ní òpópónà kejì, wọ́n ń bá ara wọn jà nítorí ẹnì kan. Kànga ti gbẹ káàkiri, àsìkò tí wọ́n ń jẹun nìyí. Síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yà síbí. Àwọn mẹ́ruwà mọ iṣẹ́ wọn, ọmọ mi. Wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ra omi ní àdúgbò yìí."

Ó rìn yí odi ọgbà ká dé ẹ̀yìn. Eruku bo gbogbo nǹkan lápá iwájú, àmọ́ níbí koríko tutù yọ̀yọ̀, ilẹ̀ sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Nísàlẹ̀ odi, búlọ́ọ̀kù kan ò sí níbi tó yẹ kó wà. Àkísà ni wọ́n fi dí ihò náà.

Alhaja tún ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan; ó wá yé Tómilọ́lá pé bó ṣe máa ń ronú nìyẹn. "Láàárọ̀ ọ̀la, bí wọ́n bá ti kírun tán, pàdé mi níbí. Mú kẹ́ẹ̀gì òfìfo dání, kó o sì fi ìborùn bo orí dáadáa."

*

Bí Tómilọ́lá ṣe tò sórí ìlà láti pọn omi lẹ́yìn ọgbà ara rẹ̀ nìyẹn. Ọyẹ́ ń fẹ́, ojúmọ́ ń là bọ̀, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń dún wùùù láti inú odi. Ó mọ ohùn rẹ̀ bí ẹni mọ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Páìpù rọ́bà kan yọ láti inú ihò, gbogbo àdúgbò sì dúró tẹ̀ lé e pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kẹ́ẹ̀gì. Alhaja wà níwájú pátápátá, òun náà ti fi ìborùn bo ojú, ó ń bá onígbàjámọ̀ jiyàn pé òun ló kọ́kọ́ dé.

Obìnrin tó wà níwájú Tómilọ́lá yíjú padà. Ìyá Mofẹ́olúwa ni.

"Àlejò ni yín, àbí? Ẹ rọra sọ̀rọ̀ o. Ọ̀gá ọgbà yìí ò gbọdọ̀ gbọ́."

Tómilọ́lá fa ìborùn sílẹ̀ bo ojú. "Kí ló máa ṣe tó bá gbọ́?"

"Á tì í pa ni. Ọmọ yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyá ẹ̀ ṣèèyàn. Àmọ́ ó ti kàwé jù, gbogbo nǹkan ló ń wọ̀n. Kọ̀ǹpútà ló fi ń ka búlọ́ọ̀kù. Ẹ wo odi tó mọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tómilọ́lá lára. Ó rò pé gbogbo wọn máa ń rẹ́rìn-ín sí òun láàárọ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ràn òun. Kò mọ̀ pé ẹ̀rù òun ni wọ́n ń bà. Ìlà sún, ó sún, títí ó fi kan òun náà. Bàbá Islamiat ló di páìpù mú, ó tẹ̀ríba láti ki ẹnu rẹ̀ bọ inú kẹ́ẹ̀gì. Tómilọ́lá sì ṣí ìborùn.

Kẹ́ẹ̀gì pòórá sábẹ́ ìró káàkiri. Bàbá Olúwadáre gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń wojú ọ̀run. Omi ń dà sórí ẹsẹ̀ Bàbá Islamiat, kò sì mọ̀.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?" Tómilọ́lá bèèrè.

"Láti ìgbà ìyá rẹ."

"Màámi mọ̀ sí i?"

"Àwọn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀." Ó gbé páìpù kalẹ̀. "Ilẹ̀ pupa inú ọgbà yìí la kọ́kọ́ ń gbẹ́, ká tó máa lọ kó o láti ìta. Kànga àdúgbò wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. A gbẹ́ ẹ, a gbẹ́ ẹ, lọ́dún kan kànga bá gbẹ, kò sì sun mọ́. Ìyá rẹ lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà táwọn bá ń tẹ búlọ́ọ̀kù níbí, omi ò ní wọ́n ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sínú ọgbà. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń tan jẹnẹrétọ̀ láràárọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Bàbá Islamiat nu ọwọ́ sí ṣòkòtò rẹ̀. "O dé, o mọ odi. O ní ká má tan jẹnẹrétọ̀ àfi tá a bá fẹ́ tẹ búlọ́ọ̀kù. Mo wá rò ó pé tí mo bá bi ẹ́, o lè kọ̀, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ á sì bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Tí mi ò bá tíì bi ẹ́, ìwọ náà ò tíì kọ̀."

Tómilọ́lá sunkún, kò sì fi pamọ́. Ó sunkún nítorí ìyá rẹ̀, ó tún sunkún nítorí pé kò dá òun fúnra rẹ̀ lójú pé òun ò ní kọ̀. Alhaja fún un láyè títí ó fi nu ojú.

"Ẹjọ́ tèmi ti parí," ó wá sọ. "Kò sí olè. Ohun méjì ló ń jáde lọ́gbà rẹ, búlọ́ọ̀kù àti omi, ọ̀kan nìkan lo fi han Dókítà nítorí ọ̀kan nìkan lo mọ̀. Tó o bá dé ìpàdé, sọ pé àánú lò ń fi omi ṣe. Dókítà á pín dísù sí méjì, á yọ ti omi kúrò, iṣẹ́ sì di tìrẹ."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn á ṣe é." Alhaja ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàtà kan ti kúrò níbẹ̀. "Èmi kàn ń ro kànga tó gbẹ yẹn ni."

*

Alàgbà Oyèkànmí ni alága ìgbìmọ̀. Inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Bódìjà ni wọ́n jókòó sí, lórí àga àwọn ọmọdé, èyí tó mú kí orókún gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Akínbíyìí wà níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ ń dán. Dókítà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ omi láti ẹnu Alhaja, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Gbogbo ẹ̀ ti yé mi báyìí," ó ní. "Ohun méjì ló jáde. Mo lè pín in kíákíá."

Ó ti ń na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. Tómilọ́lá dìde.

"Ẹ má pín in, mà."

Dókítà dúró. Bàbá Islamiat, tó jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, gbé orí sókè.

"Ìtàn ìgbésí ayé búlọ́ọ̀kù mi lẹ ní ẹ̀ ń kà," Tómilọ́lá sọ. "Ẹ ní ìtàn kì í bẹ̀rẹ̀ láàárín. Nígbà tá a ń gbẹ́ ilẹ̀ láti fi ṣe búlọ́ọ̀kù wa àkọ́kọ́, a pa kànga àwọn ará àdúgbò. Omi tá à ń fún wọn kì í ṣe àánú, ohun tí búlọ́ọ̀kù wa bàjẹ́ là ń tún ṣe. Àwa la ni èéfín yẹn. Ẹ kà á sí wa lọ́rùn."

Akínbíyìí ń wò ó bí ẹni tó rí ènìyàn tó ń ti ara rẹ̀ ṣubú. Tómilọ́lá jókòó. Ó ti ń rí géètì títì pa lójú ara rẹ̀.

Dókítà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Jẹnẹrétọ̀ wo lẹ fi ń fa omi yẹn?"

"Èyí tá a fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù ni," Bàbá Islamiat dáhùn. "Kò sí òmíràn."

"Jẹnẹrétọ̀ ńlá yẹn? Fún pọ́ńpù kékeré?" Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìyẹn dà bíi kéèyàn dá iná àsè ìgbéyàwó láti fi se ẹyin kan. Abájọ. Pọ́ńpù yẹn ò nílò dísù rárá, oòrùn lè gbé e. Ẹ dúró ná."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà. Gbogbo wọn ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó ka páńẹ́ẹ̀lì tó máa gba iná látinú oòrùn, ó ka iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láti ṣe páńẹ́ẹ̀lì náà, ó sì ka ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé e wá. Ó fi omi sí búlọ́ọ̀kù lọ́rùn gẹ́gẹ́ bí Tómilọ́lá ṣe ní kó ṣe, kò yọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ alága.

"Pẹ̀lú omi gbogbo àdúgbò lórí ẹ̀, sà, búlọ́ọ̀kù alámọ̀ yìí ṣì fi ìdajì dára ju èkejì lọ."

Alàgbà Oyèkànmí yíjú sí Tómilọ́lá. "Gbogbo ẹni tó ti wá síwájú wa lórí ọ̀rọ̀ ilé yìí," ó ní, "ló ń bẹ Dókítà kó yọ nǹkan kúrò. Ẹni àkọ́kọ́ rèé tó ní kó fi kún un. Ọmọ mi, lọ gbé páńẹ́ẹ̀lì yẹn sókè. Ọjọ́ tó bá ti fa omi àkọ́kọ́, kó o máa kó búlọ́ọ̀kù bọ̀."

Akínbíyìí mí kanlẹ̀, ó sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, ó fa Dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ jọ̀ọ́, oòrùn yẹn, ṣé kò lè ran tèmi náà?"

*

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò rò nípa pọ́ńpù olóòrùn: kì í jí kùtùkùtù. Àfi kí oòrùn yọ dáadáa, kó tó máa fa omi. Kò sí ẹni tó lè fi òkùnkùn bojú pọnmi mọ́.

Tómilọ́lá ti ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ omi sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, níbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i. Bàbá Islamiat fọwọ́ ara rẹ̀ di ihò ẹ̀yìn odi. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, Alhaja wá láti Mọ́kọ́lá, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù méjì, ó ń jẹ àádùn. Oòrùn gòkè, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Àwọn ará àdúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣáájú.

Ìyá Mofẹ́olúwa ló kọ́kọ́ jáde. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ oòrùn gangan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ìró, ikùn rẹ̀ sì yọ síta bíi ti aboyún tó ti wọ oṣù rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," Tómilọ́lá kí i. "Kí lẹ gbé síkùn?"

"Kò sí nǹkan kan," Ìyá Mofẹ́olúwa dáhùn, kó tó rántí. Ojú tì í. Ó fa kẹ́ẹ̀gì jáde láti abẹ́ ìró rẹ̀, kò sì mọ ohun tó máa fi ṣe.

Tómilọ́lá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó sì dì í mú títí ó fi kún.